Áńpù kan, àpótí sípíkà méjì: bí a ṣe ń fi attenuator sáàárín wọn láìba nǹkan jẹ́

Ẹnu ọ̀nà mi níbí, ní Àgọ́ Palace, ni ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ lónìí ti bẹ̀rẹ̀. Ọmọkùnrin kan tó ń ta gìtá ní ṣọ́ọ̀ṣì tí kò jìnnà sí ilé wa ló kan ilẹ̀kùn mi láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé kan. Ojú rẹ̀ pọ́n, ó hàn pé kò tíì sùn. Ó dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Ẹ káàárọ̀ sà. Bàbá, áńpù wa ti kú."

Mo ní kó jókòó, kó mu omi ná. Nígbà tí ara rẹ̀ balẹ̀, ó ṣàlàyé. Wọ́n wà níbi àìsùn, ní nǹkan bí aago méjì òru, ni ohùn gìtá bá ṣàdédé lọ. Ọmọ tó ń bójú tó ẹ̀rọ rò pé fọ́lúùmù ló lọ sílẹ̀, ló bá yí i sókè. Kò gbọ́ nǹkan kan. Ó tún yí i sókè, títí tó fi yí i dópin. Kò pẹ́ ni òórùn nǹkan tó ń jó gba gbogbo ibẹ̀. Tiransifọ́mà inú áńpù ló jó. Owó ìkórè ni wọ́n fi ra áńpù náà o, owó tí àwọn màmá ṣọ́ọ̀ṣì fi tọrọ-kọ́bọ̀ kó jọ.

Ẹ jẹ́ n sọ òótọ́ fún yín: ẹ̀bi tèmi náà wà níbẹ̀. Èmi ni mo gbà wọ́n nímọ̀ràn pé kí wọ́n ra attenuator. Màmá kan wà tó ń gbé òkè ilé tó kọjú sí ṣọ́ọ̀ṣì náà, ẹ̀jẹ̀ ríru ń bá a fínra, oorun sì ṣọ̀wọ́n fún un. Ó ti bẹ̀ wọ́n títí, ó ti rán ọmọ rẹ̀ sí wọn. Nígbà tí ọ̀rọ̀ dé etí mi, mo ní, "Ẹ ra attenuator, wàhálà tán." Mo sọ ọ́ lórí fóònù, mi ò dìde lọ wo bí wọ́n ṣe so ó. Èèyàn tó fi fisíìsì jẹun fún ọ̀pọ̀ ọdún kẹ̀! Ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ èyí, kí ẹlòmíràn má bàa ra ohun tó yẹ kó gbà á, kó sì fi ba ohun tó ní jẹ́.

Kí ni attenuator ń ṣe?

Láàárín àwa Yorùbá, ọ̀rọ̀ gìtá àti áńpù ti pẹ́. Ayinde Bakare ni wọ́n máa ń dárúkọ pé ó kọ́kọ́ so gìtá mọ́ ẹ̀rọ nínú orin jùjú, ní 1949. Christopher Waterman, tó kọ ìwé lórí jùjú tó jáde ní 1990, ṣàlàyé ohun tí ìyẹn dá sílẹ̀: nígbà tí ohùn gìtá ti lè bá ìlù gbé e, àyè ṣí sílẹ̀ fún ìlù púpọ̀ sí i, gángan sì rí ibi dúró sí láìbo gìtá mọ́lẹ̀. Gbogbo gìtá tí ẹ ń gbọ́ nínú orin King Sunny Adé àti Ebenezer Obey, orí áńpù ló dúró sí. Ohun tó mú jùjú gbilẹ̀ kúrò ní agbo kékeré dé gbàgede náà ló wá di ẹjọ́ láàárín ṣọ́ọ̀ṣì àti aládùúgbò.

Oríṣi áńpù méjì ló wà: èyí tó ń lo fáàfù, ìyẹn gíláàsì tó máa ń pọ́n bí ẹyin iná, àti èyí tó ń lo trànsístọ̀. Àwọn onígìtá fẹ́ràn oní-fáàfù nítorí pé bí ẹ bá ti fún un níṣẹ́ dé góńgó, ohùn rẹ̀ á máa há díẹ̀, á máa gún díẹ̀, á sì dùn létí. Àmọ́ ìgbà tó bá ń pariwo gan-an ló tó dùn bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá yí fọ́lúùmù wálẹ̀, adùn náà á lọ.

Ibẹ̀ ni attenuator ti wúlò. Ẹ jẹ́ kí áńpù ṣe gbogbo agbára rẹ̀, kí attenuator wá gba púpọ̀ nínú agbára náà kó tó dé ọ̀dọ̀ sípíkà, kó sọ ọ́ di ooru. Ọ̀kan nínú àwọn tó kọ́kọ́ tà á lójà ni Tom Scholz, onígìtá ẹgbẹ́ Boston ní Amẹ́ríkà, tó kẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ ní MIT. Power Soak ni ó pe tirẹ̀, ní nǹkan bí 1980.

Kí ẹ tó náwó, ẹ kọ́kọ́ wo irú áńpù tí ẹ ní. Bó bá jẹ́ ti trànsístọ̀, ẹ má ṣe ra attenuator rárá. Ẹ yí fọ́lúùmù wálẹ̀, ó parí. Oní-fáàfù nìkan ni ọ̀rọ̀ tó kù yìí wà fún.

Ìdíwọ́: géètì àdúgbò wa

Lẹ́yìn gbogbo sípíkà, ẹ ó rí òǹkà kan: 4, 8, tàbí 16, pẹ̀lú àmì óòmù. Georg Ohm, ará Jámánì tó tẹ òfin rẹ̀ jáde ní 1827, la fi sọ ọ́ lórúkọ. Ìdíwọ́ tí sípíkà ń fún iná tó fẹ́ gba inú rẹ̀ kọjá ló ń wọ̀n. Bí òǹkà bá kéré, iná púpọ̀ ló ń kọjá. Bó bá tóbi, díẹ̀ ló ń kọjá.

Bí sípíkà bá ti di méjì ńkọ́? Ẹ wo géètì àdúgbò wa tí wọ́n máa ń tì lálẹ́. Bí géètì méjì bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, tí wọ́n sì ṣí méjèèjì, ọkọ̀ á tètè kọjá, ìdíwọ́ ti dín kù nìyẹn. Ṣùgbọ́n bí géètì méjì bá tẹ̀ léra lójú ọ̀nà kan náà, ẹ ó dúró lọ́dọ̀ mẹ́gádì àkọ́kọ́, ẹ ó tún dúró lọ́dọ̀ èkejì, ìdíwọ́ ti pọ̀ sí i. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni sípíkà. Ìfẹ̀gbẹ́kẹ̀gbẹ́ ń dín òǹkà kù, ìtẹ̀léra ń rò ó pọ̀.

Ìṣirò rẹ̀ kò le. Fún ìtẹ̀léra, ẹ ro méjèèjì pọ̀: 8 àti 8 jẹ́ 16. Fún ìfẹ̀gbẹ́kẹ̀gbẹ́, ẹ sọ méjèèjì di púpọ̀ lọ́nà ara wọn, kí ẹ wá fi àròpọ̀ wọn pín in. 8 àti 8 á jẹ́ 64, tí a fi 16 pín, ó di 4. 16 àti 16 á di 8. Bí wọn ò bá dọ́gba, bíi 8 àti 16, ó di 128 tí a fi 24 pín, ìyẹn 5.33. Níbẹ̀, sípíkà 8 á gba ìdá méjì nínú mẹ́ta agbára, ti 16 á gba ìdá kan péré, ọ̀kan á sì máa pariwo ju èkejì lọ. Ẹni tó bá ń ṣe kàyéfì pé àpótí kan ń bú ramúramù, èkejì ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́, kó lọ wo òǹkà ẹ̀yìn wọn.

Ẹ ṣàkíyèsí: ihò jáàkì méjì tó wà lẹ́yìn áńpù tàbí lẹ́yìn attenuator, ìfẹ̀gbẹ́kẹ̀gbẹ́ ni wọ́n sábà máa ń jẹ́. Ẹ má rò pé ihò méjì túmọ̀ sí pé ẹ lè fi ohun tó wù yín sí i láìṣírò. Kí ẹ má sì rò pé àpótí kejì ń fi agbára kún agbára. Áńpù 50 wáàtì kan náà ló ń pín oúnjẹ rẹ̀ sí abọ́ méjì.

Òǹkà mẹ́ta gbọ́dọ̀ bá ara wọn mu

Bí ẹ ò bá rántí nǹkan mìíràn nínú ohun tí mo kọ, ẹ rántí èyí. Òǹkà mẹ́ta ló wà: ibi tí ẹ yí áńpù sí, òǹkà attenuator, àti àpapọ̀ àwọn àpótí sípíkà. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gbọ́dọ̀ jẹ́ ọ̀kan náà.

Ọ̀nà tí iná ń gbà rèé: láti ihò sípíkà lẹ́yìn áńpù, wáyà kan ṣoṣo lọ sí ibi ìwọlé attenuator. Láti ibi ìjáde attenuator ni a ó ti wá pín in sí àpótí méjèèjì.

Nígbà tí mo dé ṣọ́ọ̀ṣì náà lọ́jọ́ yẹn, mo rí i pé attenuator wọn jẹ́ ti 8. Wọ́n yí áńpù sí 8. Ó dáa títí débẹ̀. Àmọ́ àpótí méjì tí wọ́n so mọ́ ọn, 8 ni ìkọ̀ọ̀kan, wọ́n sì fẹ̀gbẹ́kẹ̀gbẹ́. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 4. Ìyẹn ò dáa, àmọ́ kì í ṣe òun ló pa áńpù. Nígbà tí attenuator bá ń gba púpọ̀ nínú agbára, òun gan-an ni áńpù ń rí jù, àṣìṣe tó wà lẹ́yìn rẹ̀ á fara pamọ́ díẹ̀. Bí ẹ bá wá yí i kó máa jẹ́ kí agbára kọjá dáadáa, áńpù á bẹ̀rẹ̀ sí rí àwọn àpótí náà fúnra wọn, àṣìṣe á jáde síta.

Kí ni wọ́n lè ṣe sí àpótí 8 méjì? Ọ̀nà mẹ́ta ni. Àkọ́kọ́, kí wọ́n wá attenuator oní-4, kí wọ́n yí áńpù sí 4. Ìkejì, kí wọ́n fi wáyà ìtẹ̀léra so àpótí méjèèjì kí ó di 16, kí wọ́n lo attenuator oní-16, kí áńpù náà wà ní 16. Ewu tó wà nínú èyí ni pé bí wáyà àpótí kan bá já, méjèèjì ló máa dákẹ́. Ìkẹta, tó rọrùn jù, kí wọ́n yọ àpótí kan kúrò. Yàrá ìsìn wọn kò fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Ẹnì kan lè bi mí pé ṣé a ò lè so àpótí kan tààrà mọ́ áńpù, kí attenuator àti àpótí kejì wà ní ihò kejì? Ó ṣeé ṣe, tí ẹ bá ṣírò rẹ̀: attenuator oní-16 àti àpótí oní-16 jẹ́ 8, ẹ ó sì yí áńpù sí 8. Àpótí kejì á lọ sílẹ̀, ṣùgbọ́n àkọ́kọ́ á ṣì máa pariwo. Kò wúlò fún ẹni tó fẹ́ kí aládùúgbò rí oorun sùn.

Wáyà tó pa áńpù

Ohun tó pa áńpù náà gan-an rèé. Wáyà tí wọ́n fi so áńpù mọ́ attenuator, wáyà gìtá ni. Jáàkì orí wáyà gìtá àti ti sípíkà jọra bí ìbejì, inú wọn ni kò jọra. Wáyà gìtá tín-ín-rín láàárín, wọ́n wá fi òmíràn yí i ká kí ariwo má wọ inú rẹ̀. Ohun tó kọjá nínú rẹ̀ kò tó nǹkan, ó sábà máa ń dín sí fólítì kan. Ṣùgbọ́n áńpù 50 wáàtì tó ń ṣiṣẹ́ lórí 8 óòmù ń fi 20 fólítì àti 2.5 áńpíà ránṣẹ́. Ẹ wo ìyàtọ̀. Wáyà náà ń gbóná láti alẹ́, títí tó fi já nínú lọ́hùn-ún ní aago méjì.

Bí wáyà yẹn ti já, áńpù kò rí ẹni gbẹ́rù rẹ̀ mọ́. Tiransifọ́mà inú áńpù oní-fáàfù ń kó agbára jọ bí iná ti ń gba inú rẹ̀ kọjá, ó sì gbọ́dọ̀ tú u dà sórí sípíkà. Bí kò bá sí sípíkà, fólítì inú rẹ̀ á ru sókè kọjá ààlà, á fò láti wáyà kan sí èkejì, á jó ohun tí wọ́n fi bò wọ́n. Bí ọmọ náà ṣe ń yí fọ́lúùmù sókè láti wá ohùn, bẹ́ẹ̀ ló ń da epo sí iná. Mi ò bá a wí. Ta ló kọ́ ọ? Bí ohùn gìtá bá lọ níwájú ìjọ, ọwọ́ ẹni á kọ́kọ́ na fọ́lúùmù.

Nítorí náà, ẹ kọ ọ́ sí pépà, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara áńpù: BÍ OHÙN BÁ LỌ, Ẹ MÁ YÍ I SÓKÈ. Ẹ kọ́kọ́ tẹ standby, tàbí kí ẹ pa á pátápátá. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá wáyà tó já.

Ti trànsístọ̀ yàtọ̀ o. Òun kò bẹ̀rù kí sípíkà má sí. Ohun tó ń bẹ̀rù ni kí òǹkà sípíkà kéré ju èyí tí wọ́n kọ sí ara rẹ̀ lọ.

Ìṣirò oorun Màmá

Ariwo, dẹ̀síbẹ̀lì la fi ń wọ̀n ọ́n. Bí ẹ bá dín agbára kù sí ìdajì, dẹ̀síbẹ̀lì 3 péré lẹ dín kù, etí kò sì fi bẹ́ẹ̀ mọ̀ ọ́n. Bí ẹ bá dín in kù sí ìdá kan nínú mẹ́wàá, ìyẹn dẹ̀síbẹ̀lì 10, etí á gbọ́ ọ bí ìdajì. Áńpù 50 wáàtì tí a dín kù ní 10 ku 5 wáàtì. Tí a bá dín in kù ní 20, ó ku ìdajì wáàtì kan. 49.5 tó kù, ooru ni. Nítorí náà, ẹ ra attenuator tí agbára rẹ̀ ju ti áńpù lọ dáadáa. Fún áńpù 50 wáàtì, mo máa ń sọ pé kí wọ́n ra ti 100, nítorí pé bí áńpù bá ń ha, ó lè kọjá 50 tí wọ́n kọ sí i. Ẹ fi síbi tí afẹ́fẹ́ ń gbà. Aṣọ fẹ́lífẹ́ẹ̀tì tí ẹ fi ń bo ẹ̀rọ nílé Ọlọ́run, ẹ má fi bò ó o!

Ṣé èyí tó fún Màmá òkè ilé? Ẹ jẹ́ ká ṣírò. Ká ní sípíkà gìtá kan ń mú dẹ̀síbẹ̀lì 100 jáde pẹ̀lú wáàtì kan, bí ẹ bá dúró ní mítà kan sí i. Pẹ̀lú 50 wáàtì, ó di 117. Ní gbangba, bí ọ̀nà bá ti di ìlọ́po méjì, 6 ló ń dín. Láti mítà 1 sí 2, sí 4, sí 8, sí 16, ìgbà mẹ́rin nìyẹn, 24 ti lọ. Ó ku 93 ní fèrèsé Màmá. Bí attenuator bá yọ 20, ó ku 73.

LASEPA, àjọ tó ń bójú tó àyíká ní ìpínlẹ̀ Èkó, fi 55 ṣe òṣùwọ̀n ọ̀sán, 45 fún òru, ní àdúgbò tí àwọn èèyàn ń gbé. 73 ṣì ju 45 lọ, ó fi 28 jù ú. Attenuator nìkan kò lè ṣe é. Ògiri àti fèrèsé ló gbọ́dọ̀ gbé ìyókù. Fèrèsé tó ṣí sílẹ̀ nítorí ooru kò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dí nǹkan kan lọ́wọ́. Ibi tí mo ti ṣàṣìṣe lórí fóònù gan-an nìyẹn. Mo sọ pé "wàhálà tán" láìjókòó ṣírò.

Ohun tí a ṣe

Oníṣẹ́ kan tó mọ̀ nípa wíwé tiransifọ́mà tún tiwọn wé. Mo dá sí owó rẹ̀, ó tọ́ bẹ́ẹ̀. A ra wáyà sípíkà tó nípọn, a fi téèpù pupa sàmì sí i kí ẹnikẹ́ni má bàa fi wáyà gìtá rọ́pò rẹ̀. Wọ́n yọ àpótí kan, ó ku ẹyọ kan oní-8, attenuator 8, áńpù 8. Wọ́n yí ojú àpótí náà kúrò lápá títì, ó wá kọjú sí àwọn akọrin. Fèrèsé tó wà lápá ọ̀dọ̀ Màmá, wọ́n ń tì í pa bó bá ti di aago mẹ́wàá alẹ́, wọ́n sì gbé fáànù méjì wá.

Mo lọ kí Màmá lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Mo kúnlẹ̀ díẹ̀, nítorí pé ó jù mí lọ, mo ní, "Ẹ kú ara líle mà. Gìtá yẹn ńkọ́?" Ó ní, "Prófẹ́sọ̀, gìtá ti lọ sílẹ̀, ẹ ṣeun. Àmọ́ ìlù ńkọ́?"

Mi ò rí èsì fún un. Kò sí attenuator fún ìlù. Mo ti bẹ̀rẹ̀ ìṣirò lórí ìyẹn náà, àmọ́ lọ́tẹ̀ yìí, mo fẹ́ lọ dúró nínú ṣọ́ọ̀ṣì náà lóru, kí n sì dúró ní fèrèsé Màmá, kí n tó ya ẹnu sọ̀rọ̀.

Ire o.